Àgékúrú Di Gbólóhùn: Bí A Ṣe Ń Yan Áàpù Ọ̀fẹ́ Tó Ń Bá Ni Tẹ Ọ̀rọ̀

Bí a bá wo iṣẹ́ ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun dáadáa, a ó rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tó ń tẹ̀ lónìí ló ti tẹ̀ lánàá, tí yóò sì tún tẹ̀ lọ́la. Àwọn tó ń bá aráàlú tẹ ìwé ìbúra nítòsí kóòtù mọ̀ pé ìlà ìbẹ̀rẹ̀ àti ìlà ìparí kì í yí padà. Orúkọ, àdírẹ́sì àti ohun tí oníbàárà fẹ́ búra lé lórí ló ń yàtọ̀. Oníṣòwò léèsì ní ọjà Balógun ń fi nọ́ńbà àkáǹtì kan náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí gbogbo ẹni tó bá béèrè iye ọjà. Oníròyìn tó ń kọ Yorùbá ń kọ orúkọ gómìnà, orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú àti orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ léraléra kí ilẹ̀ tó ṣú. Àtúntẹ̀ yìí ń jẹ àkókò, ó sì ń ro ìka àti ọrùn ọwọ́. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn áàpù wà tó lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa láìgba kọ́bọ̀.

Iṣẹ́ wọn kò ṣòro láti yé. Ẹ ó fún áàpù ní àgékúrú kan àti gbólóhùn tí àgékúrú náà dúró fún. Láti ìgbà náà lọ, níbikíbi tí ẹ bá ti tẹ àgékúrú yẹn, ì báà jẹ́ nínú lẹ́tà, nínú ímeèlì tàbí nínú fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì, áàpù á pa á rẹ́, á sì fi odindi gbólóhùn rọ́pò rẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ àwa tó ń kọ Yorùbá lógún ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ẹ wo orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Lẹ́tà 14 ni, pẹ̀lú àlàfo kan láàárín. Bí a bá fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe tọ́, àmì ìsàlẹ̀ mẹ́rin àti àmì ohùn márùn-ún tún wà níbẹ̀. Lórí kíbọ́ọ̀dù tó ń gba bọ́tìnnì kan fún àmì kọ̀ọ̀kan, ìka máa balẹ̀ ní ìgbà 24, a kò sì tíì ka Shift tí a fi ń kọ lẹ́tà ńlá. Ẹni tó bá ń kọ àròkọ nípa olóṣèlú yìí lè kọ orúkọ náà ní ìgbà 20 kó tó parí. Kí ó tó dé ìdajì iṣẹ́, ó ti ju àmì sílẹ̀, ó ti ń kọ orúkọ náà lófìfo. Kì í ṣe pé kò mọ àmì. Ó ti sú u ni. Bó bá ní àgékúrú, bíi "xoa", bọ́tìnnì mẹ́ta péré ni yóò tẹ̀, orúkọ á sì jáde pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, ní ìgbà kìíní àti ní ìgbà ogún. Mo gbàgbọ́ pé àárẹ̀ ìka ń pa àmì ohùn run nínú ìwé wa ju àìmọ̀ lọ.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí ojú kò rí. Kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nínú ètò tí gbogbo ayé ń lò tó ń jẹ́ Unicode. "á" ní nọ́ńbà tirẹ̀, "ẹ" náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n "ẹ́", tó ní àmì lókè tó tún ní nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Méjì ni kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀: ó lè fi "ẹ" ṣáájú kí ó tó gbé àmì ohùn gùn ún lórí, ó sì lè fi "é" ṣáájú kí ó tó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Àwọn kan tún wà tí kì í lo àmì róbótó nísàlẹ̀ rárá, ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán ni wọ́n ń fà síbẹ̀, nọ́ńbà tirẹ̀ sì tún yàtọ̀. Lójú wa, lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn. Lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n lè jẹ́ ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn áàpù kan mọ bí a ṣe ń kà wọ́n sí ọ̀kan, àwọn mìíràn kò mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè tẹ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan sínú àpótí ìwárí kí kọ̀ǹpútà sọ pé kò sí, nígbà tí orúkọ náà wà gedegbe lójú ìwé níwájú yín. Orúkọ tó bá ń ti inú àgékúrú jáde, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà jáde, lónìí àti lọ́dún tó ń bọ̀. Fún ẹni tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìkàwé tàbí ìjọ, ìyẹn nìkan tó ìdí láti lo áàpù yìí.

Èrò náà ti pẹ́ ju kọ̀ǹpútà lọ. Ní 1879, Walter P. Phillips, ará Amẹ́ríkà tó mọ iṣẹ́ ìròyìn àti iṣẹ́ tẹligíráàfù, gbé ìwé àgékúrú kan jáde fún àwọn tó ń fi wáyà gbé ìròyìn láti ìlú dé ìlú. Ẹni tó wà ní ìdí wáyà á fi àgékúrú ránṣẹ́, ẹni tó ń gbà á ní òdìkejì á kọ odindi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. SCOTUS àti POTUS, tí àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà ń lò títí dòní fún ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ àti ààrẹ wọn, ìdí wáyà ni wọ́n ti wá. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, Microsoft Word ní ibi kan tí ènìyàn lè tọ́jú gbólóhùn sí. Ẹ ó tẹ àgékúrú, ẹ ó sì tẹ F3 kí gbólóhùn tó jáde. Dean Hachamovitch, tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft, ló ronú pé kò sí ìdí tí ènìyàn fi ní láti máa wá F3 kiri nígbà tí bọ́tìnnì àlàfo ń parí gbogbo ọ̀rọ̀ tí a bá tẹ̀. Ó sọ àlàfo náà di ohun tó ń pe àtúnṣe. Word 6 tó jáde ní 1993 gbé e dé ọ̀dọ̀ aráyé: ẹ ṣì í tẹ̀ ní "teh", ó di "the" kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ ṣì í. Gbogbo áàpù tí a ó mẹ́nu bà nínú orí yìí, ẹ̀ka igi yẹn ni wọ́n.

Kí a tó yan èyíkéyìí, ó yẹ kí a mọ ohun tó ń ṣe lábẹ́lẹ̀, torí ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà. Kí áàpù tó lè mọ̀ pé ẹ ti tẹ "xoa", ó ní láti máa wo gbogbo bọ́tìnnì tí ẹ bá tẹ̀. Ó ń rántí àwọn lẹ́tà mélòó kan tó kẹ́yìn, ó sì ń fi wọ́n wé àwọn àgékúrú tí ẹ fún un. Bí ọ̀kan bá bára mu, á tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́ fúnra rẹ̀ ní iye lẹ́tà tí àgékúrú náà ní, "xoa" á lọ. Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà méjì ló lè gbà. Ó lè tẹ gbólóhùn náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ìka ènìyàn ló wà níbẹ̀. Ó sì lè kọ́pì rẹ̀ kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Fún Yorùbá, ọ̀nà kejì ló fini lọ́kàn balẹ̀ jù, nítorí gbólóhùn ń bọ́ sílẹ̀ lódindi, àmì ohùn kò ní já kúrò lórí lẹ́tà tó ni ín. Nítorí náà, bí ẹ bá ń dán áàpù kan wò, ẹ má fi "hello" dán an wò. Gbólóhùn Yorùbá tó kún fún àmì ni kí ẹ fún un, kí ẹ sì dán an wò nínú áàpù tí ẹ ń fi ṣiṣẹ́ gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a tètè kúrò lórí ohun tí mo sọ yẹn: ó ń wo gbogbo bọ́tìnnì. Iṣẹ́ kan náà yìí ni áàpù àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń jí páásíwọọ̀dù. Gbígbé irú áàpù bẹ́ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà dà bí ìgbà tí a fún ènìyàn ní kọ́kọ́rọ́ ilé wa; a gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí í ṣe. Ìdí rèé tí ìbéèrè àkọ́kọ́ mi nípa áàpù bẹ́ẹ̀ kì í fi í ṣe bó ṣe rẹwà tó, tàbí iye nǹkan tó lè ṣe. Mo máa ń béèrè bóyá àwọn tó ṣe é fi gbogbo kóòdù rẹ̀ síta, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lè tú u wò. Mo tún máa ń béèrè bóyá yóò ṣiṣẹ́ nígbà tí mo bá pa íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ìdí kankan láti máa gbé ọ̀rọ̀ mi lọ síta, kò sì ní dá mi dúró lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣe wàhálà tàbí tí dátà bá tán.

Kọ̀ǹpútà Apple ń ṣe ìrànwọ́ díẹ̀ níhìn-ín. Ó máa ń béèrè àṣẹ lọ́wọ́ yín kí áàpù kankan tó lè máa ka bọ́tìnnì, bí ẹ bá sì wà nínú àpótí páásíwọọ̀dù, ó máa ń di ojú áàpù wọ̀nyí. Síbẹ̀, ẹ má gbára lé e. Páásíwọọ̀dù, PIN àti BVN kò gbọ́dọ̀ wọ inú àgékúrú láéláé. Nínú ọ̀pọ̀ áàpù wọ̀nyí, inú fáìlì lásán ni àkójọ gbólóhùn wà, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yín lè ṣí i kà. Bákan náà ni fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn tàbí báǹkì: orúkọ aláìsàn tàbí ti oníbàárà kì í ṣe ohun tí a ń tọ́jú sórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn. Òfin ìdáàbòbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, kò sì yọ gbólóhùn àgékúrú sílẹ̀.

Ọ̀fẹ́ pàápàá ju oríṣi kan lọ. Àwọn kan jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọjọ́ ìdánwò nìkan. Àwọn kan, bíi Text Blaze tó ń gbé inú bíráwúsà, ní iye gbólóhùn tí wọ́n gbà yín láyè láti ní lọ́fẹ̀ẹ́, orí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ wọn ni gbólóhùn yín sì ń sùn. PhraseExpress tí Bartels Media ṣe ní Jámánì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń lò ó fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ṣiṣẹ́ owó ní láti sanwó. Kò sí ohun tó burú nínú kí ẹni tó ṣe áàpù gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó burú ni kí a ti kó gbólóhùn ọdún márùn-ún sínú áàpù kan kí a tó mọ àdéhùn tó wà nídìí rẹ̀.

Ìtàn TextExpander yẹ ní mímọ̀ lórí èyí. Peter Maurer ló kọ́kọ́ ṣe é fún kọ̀ǹpútà Apple, tí ó pè é ní Textpander. Ní 2006, ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Smile lónìí rà á, ó di ọjà títà, ẹ san owó lẹ́ẹ̀kan, ó di tiyín. Nígbà tó di 2016, wọ́n yí i padà sí owó tí ènìyàn á máa san láìdáwọ́ dúró, wọ́n sì gbé ìtọ́jú gbólóhùn lọ sórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Àwọn oníbàárà wọn àtijọ́ fárígá, kò sì pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà fi dín owó náà kù. Áàpù tó dára ni, ó ṣì wà lórí igbá títí di òní. Àmọ́ ẹni tó ti kó ọgọ́rùn-ún gbólóhùn síbẹ̀ kò lè fi ìrọ̀rùn kó ẹrù rẹ̀ jáde lọ́jọ́ tí àdéhùn yí padà. Nítorí náà, kí gbólóhùn yín tó pé mẹ́wàá nínú áàpù èyíkéyìí, ẹ wá ọ̀nà àbájáde. Níbo ni àkójọ náà wà? Ṣé mo lè kọ́pì rẹ̀ sórí fìláàṣì? Ṣé mo lè fi áàpù mìíràn ṣí i kí n sì kà á? Áàpù tí kò bá ní ìdáhùn tó dán mọ́rán sí ìbéèrè mẹ́ta yìí, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀fẹ́ tó, ó ti gbówó lórí jù.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò láti wá áàpù tuntun rárá. Ọ̀pọ̀ ohun tí ènìyàn ń wá ló ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí iPhone, ẹ lọ sí Settings, General, Keyboard, ẹ ó rí Text Replacement níbẹ̀. Ẹ kọ gbólóhùn àti àgékúrú rẹ̀, ó parí. Lórí Android tó ń lo Gboard, inú Dictionary ló wà, níbi tí wọ́n ń pè ní Personal dictionary. Gbólóhùn náà á yọ lórí kíbọ́ọ̀dù, ẹ ó sì fọwọ́ kàn án. Fún ẹni tó ń tajà, WhatsApp Business ni kó lọ bá. Láti 2018 tó ti jáde ló ti jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó gbà yín láyè láti tọ́jú ìdáhùn kíákíá tó tó 50. Ẹ tẹ àmì "/", àkójọ wọn á jáde, ẹ mú èyí tó bá ọ̀rọ̀ mu. Nọ́ńbà àkáǹtì, owó ìfiránṣẹ́ sí Àbújá, bí a ṣe ń wọn aṣọ, gbogbo rẹ̀ lè wà níbẹ̀. Ẹ kàn rí i dájú pé ẹ ka nọ́ńbà àkáǹtì náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ tí ẹ ń fi sí i, torí bí nọ́ńbà kan bá yí sódì níbẹ̀, gbogbo oníbàárà ni yóò gba àṣìṣe náà.

Lórí kọ̀ǹpútà, Word ṣì ní AutoCorrect rẹ̀, Google Docs ní Substitutions lábẹ́ Tools àti Preferences, LibreOffice tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá sì ní AutoText: ẹ yan gbólóhùn, ẹ tẹ Ctrl àti F3, ẹ fún un ní àgékúrú; nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ ẹ, àgékúrú àti F3 nìkan ti tó. Bó bá jẹ́ pé inú ọ̀kan nínú wọn nìkan ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́, ẹ má wá ibòmíràn lọ. Àléébù wọn ni pé wọn kì í jáde kúrò nínú ilé wọn. Gbólóhùn tí ẹ kọ́ Word kò sí nínú ímeèlì tí ẹ ń kọ nínú bíráwúsà, èyí tí ẹ kọ́ Google Docs kò sí nínú Word.

Ibẹ̀ ni àwọn áàpù tó ń bá gbogbo kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ti wúlò. Èyí tó pẹ́ jù nínú àwọn ọ̀fẹ́ tí mo fẹ́ dárúkọ fún Windows ni AutoHotkey, tí Chris Mallett bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Nínú fáìlì kékeré kan, ìlà kan ṣoṣo báyìí ti tó:

::xoa::Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀

Ẹ tọ́jú fáìlì náà, ẹ ṣí i, ẹ tẹ "xoa" pẹ̀lú àlàfo, orúkọ jáde. Ṣùgbọ́n pàkúté kan wà níbẹ̀ fún àwa Yorùbá. Ẹ̀dà àtijọ́ AutoHotkey kì í mọ̀ pé Unicode ni fáìlì àyàfi bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ ní ọ̀nà tí Notepad ń pè ní "UTF-8 with BOM". Bí ẹ bá gbàgbé, dípò "ẹ", ohun tí ẹ ó rí ni "ẹ": lẹ́tà kan ti di mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ló ti rí irú èyí tí wọ́n rò pé áàpù náà kò gba Yorùbá, tí wọ́n sì pa á tì. Kò sí ohun tó ṣe áàpù. Bí a ṣe tọ́jú fáìlì ni. Ẹ̀dà kejì, tó jáde ní 2022, ń ka UTF-8 láìbéèrè, òun ni mo ní kí ẹ mú. AutoHotkey lè ṣe ohun tó ju àgékúrú lọ fíìfíì, ìdí nìyẹn tí àwọn áàpù agbógunti-fáírọ́ọ̀sì kan fi máa ń fura sí i, tí ọ̀gá kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì sì lè má gbà á láyè.

Ẹni tí kò fẹ́ rí kóòdù sójú lè lo Beeftext, fún Windows náà. Fèrèsé ló ní, ẹ kọ àgékúrú sí àpótí kan, gbólóhùn sí èkejì. Ẹ̀dà rẹ̀ kan wà tí ẹ lè gbé sórí fìláàṣì, tó sì dára fún ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí kò ní àṣẹ láti gbé áàpù wọlé. Àwọn tó ń lo Linux ní AutoKey, bí ètò tó ń gbé fèrèsé sójú kọ̀ǹpútà wọn bá ṣì jẹ́ X11.

Èyí tí èmi yóò fà lé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ni espanso. Federico Terzi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní 2019. Kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kì í béèrè àkáǹtì, kì í béèrè íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, kọ̀ǹpútà Apple àti Linux. Ẹni tó bá yí kọ̀ǹpútà padà kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú fáìlì kan ni gbogbo gbólóhùn yín wà, base.yml ni orúkọ rẹ̀, báyìí ló sì rí:

matches:
  - trigger: "xoa"
    replace: "Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀"

Ẹ kíyè sí àlàfo tó wà níwájú ìlà kejì àti ìkẹta. Bọ́tìnnì àlàfo ni kí ẹ fi ṣe é; bí ẹ bá lo Tab, espanso kò ní ka fáìlì náà. Ó jọ pé ohun tó le jù nínú rẹ̀ nìyẹn, ó sì ń mọ́ ènìyàn lára kíákíá. Ohun tí ẹ ó gbà padà pọ̀. Ó lè fi ọjọ́ òní síbi tí ẹ bá fẹ́ kí ọjọ́ wà. Ó lè ṣí fèrèsé kékeré kí ó tó tẹ gbólóhùn, kí ó béèrè orúkọ àti àdírẹ́sì, kí ó sì tò wọ́n sí àyè wọn. Ẹni tó ń tẹ ìwé ìbúra lè fi èyí nìkan parí iṣẹ́ ìdajì ọjọ́. Bí ẹ bá ń fi ìlà "word: true" kún un, kò ní dá sí àgékúrú tó bá wà láàárín ọ̀rọ̀ mìíràn.

Kókó ìkẹyìn yẹn mú mi dé orí bí a ṣe ń fún gbólóhùn ní àgékúrú. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a mú ọ̀rọ̀ gidi tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi "eku" dúró fún "Ẹ kú iṣẹ́ o" yóò rí wàhálà lọ́jọ́ tó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ nípa ekuru. Àwọn òyìnbó máa ń fi àmì bíi ":" tàbí ";" síwájú. Àwa ní ohun tó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí c, q, v, x àti z nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, nítorí náà àgékúrú tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú x tàbí q kò lè forí gbárí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Yorùbá kankan, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sì bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. "xek" fún ẹ kú iṣẹ́, "xoy" fún ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, "xad" fún àdírẹ́sì ilé. Ẹ jẹ́ kí àgékúrú jẹ́ lẹ́tà lásán, láìní àmì ohùn. Bó bá ní àmì, iye ìgbà tí áàpù máa tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́ lè má ṣe déédéé, àjẹkù lẹ́tà á sì wà nílẹ̀. Fún kíkọ gbólóhùn náà sínú fáìlì, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ọ̀fẹ́ ti Keyman, tàbí èyí tí àwọn YorubaName tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ ṣe, yóò fún yín ní àmì tó pé. Ẹ ò ní nílò rẹ̀ ju ìgbà kan lọ fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

Ibì kan wà tí àgékúrú ti lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá, mo sì fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fetí sí èyí. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó jẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, àti ní àwọn ilé-ìwòsàn kan ní Ìlú Ọba, ń lo ètò àkọsílẹ̀ tó ń jẹ́ Epic. Àgékúrú tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìdánudúró ni wọ́n fi ń pe odindi ìpínrọ̀ nínú rẹ̀. Ìrọ̀rùn ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí ìpínrọ̀ náà bá ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀dọ̀fóró mọ́, pé ọkàn ń lù bó ṣe yẹ, ẹni tó rẹ̀ lè pè é jáde fún aláìsàn tí kò tíì fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀. Dókítà tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò gbà á gbọ́, nítorí ó wà ní kíkọ. Ohun tí Epic fi ń dènà èyí ni ìràwọ̀ mẹ́ta, ***, tí a ń fi sí ibi tí a kò gbọ́dọ̀ kọ ohunkóhun sí ṣáájú. F2 máa ń gbé ènìyàn láti ọ̀kan dé èkejì títí yóò fi kún gbogbo rẹ̀. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú espanso tàbí nínú áàpù yòówù tí ẹ bá yàn. Ohun tí kì í yí padà nìkan ni kí ó jáde fúnra rẹ̀. Ohun tí a wò, tí a wọ̀n, tí a gbọ́ lẹ́nu aláìsàn tàbí ẹni tó fẹ́ búra, ọwọ́ ni kí a fi tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó bá ń lo fóònù nìkan, ohun tó wà nínú fóònù rẹ̀ ti tó o. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò jáde nínú Word tàbí LibreOffice, kó dúró síbẹ̀. Ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ sí ibi púpọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kó gbé espanso wọlé láti ojú òpó rẹ̀ gan-an, kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pín áàpù kiri, kó sì máa kọ́pì fáìlì base.yml rẹ̀ sórí fìláàṣì lóṣooṣù. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn ọgọ́rùn-ún. Orúkọ ara yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.